Kàlẹ́ńdà Ọkọ Mi Nínú Fóònù Mi

Nígbà tí mo wá bá ọkọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló ra fóònù fún mi, òun náà ló sì tò ó. A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tá a háyà ní Peckham, ó ń tẹ̀ ẹ́, mò ń wò ó. Ó ní kò sídìí fún mi láti ṣí akáǹtì tèmi lọ́tọ̀, ọ̀kan náà ni wá, akáǹtì tòun ti tó àwa méjèèjì. Ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ló máa wà nínú fóònù tiẹ̀ àti tèmi: nọ́ńbà gbogbo èèyàn wa, àti kàlẹ́ńdà. Ó dùn mọ́ mi nígbà náà. Mi ò mọ ẹnì kankan nílùú yìí, fóònù mi sì kún fún orúkọ.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó fi mí sílẹ̀, ó kó lọ sí àdúgbò Brockley. A ò pariwo. Ó kó aṣọ àti bàtà rẹ̀, ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, ó ní òun ti ra tuntun.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé, ní East Dulwich. Kò pẹ́ tó lọ tán, mò ń fọ ẹsẹ̀ bàbá kan lọ́wọ́ ni fóònù mi dún nínú àpò. Mo rò pé ọ́fíìsì ni. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé mò ń lọ rí dókítà eyín lọ́la. Èmi ò ní dókítà eyín. Ọkọ mi ló ń lọ. Látọjọ́ yẹn, kò síbi tó ń lọ tí fóònù mi kì í sọ fún mi: ìpàdé ibi iṣẹ́, ọjọ́ tó fẹ́ gẹrun, ilé oúnjẹ tó ti gba tábìlì ẹni méjì sílẹ̀ fún alẹ́ Fúráìdè.

Tèmi náà ń lọ bá a. Mo máa ń kọ ṣíìfù iṣẹ́ mi sínú kàlẹ́ńdà yẹn, àti àdúgbò tí mò ń lọ. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń dúró de bọ́ọ̀sì.

"Ṣé o ò tíì kúrò ní Lordship Lane ni?" ó ní. "Ó yẹ kó o ti parí báyìí."

"Kí lo fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Mo kàn ní kí n kí ẹ ni."

Ohùn rẹ̀ tutù, kò sì sóhun tí mo lè tọ́ka sí pé ó fi ṣe mí. Àmọ́ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo wọ̀tún, mo wòsì, bíi pé ó wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́. Mo pa ìpàdé rẹ̀ kan rẹ́ nínú fóònù mi, ló bá pa rẹ́ lọ́wọ́ tiẹ̀ náà, kò sì lọ sí ìpàdé ọ̀hún. Ó pè, ó ní kí n jọ̀ọ́, iṣẹ́ òun ni. Ojú tì mí. Ó kọ àwọn tí mo pa rẹ́ síbẹ̀ padà, wọ́n sì tún padà sọ́dọ̀ mi. Ni mo bá lọ yọ akáǹtì náà kúrò nínú fóònù mi pátápátá, pé kí fóònù àti akáǹtì yẹn má bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ṣe é. Fóònù béèrè bóyá ó dá mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo fẹ́ pe ìyá mi, kò sórúkọ kankan níbẹ̀. Ó mọ́ fáú. Nọ́ńbà ìyá mi, ti ọ́fíìsì, ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò mọ ẹyọ kan sórí. Kíá ni mo dá akáǹtì náà padà. Gbogbo wọn wọlé, òun náà sì wọlé pẹ̀lú dókítà eyín rẹ̀.

Mo wá ní kí n yí ọ̀rọ̀ aṣínà akáǹtì náà, ìyẹn password rẹ̀, padà. Wọ́n ní wọ́n ti fi kóòdù ránṣẹ́. Fóònù tiẹ̀ ni kóòdù lọ.

"Kí lo fẹ́ fi kóòdù ṣe?" ó pè mí láti béèrè.

"Mo fẹ́ ya tèmi sọ́tọ̀ ni."

"Ta ló ń dí ẹ lọ́wọ́? Akáǹtì àwa méjèèjì ni. Tó o bá fẹ́ kóòdù, wá gbà á ní Brockley."

Mi ò lọ.

Níbi iṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó jù mí lọ dáadáa. Aunty ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ títí dópin.

"Má bá a du akáǹtì yẹn," wọ́n ní. "Tiẹ̀ ni, fi í sílẹ̀ fún un."

"Aunty, nọ́ńbà ìyá mi wà níbẹ̀."

"Ṣé òun ló bí ìyá ẹ ni? A máa mú tìẹ jáde."

Wọ́n wá sílé mi lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú aṣọ funfun wọn lọ́rùn. A ṣí kọ̀ǹpútà. Mo fi nọ́ńbà ara mi ṣí akáǹtì tuntun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà nínú àwọn orúkọ ti àtijọ́. Aunty á pè é, "Ta nìyí?" Mo ní ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni. "Fi í sílẹ̀." A dé orí ìyá ọkọ mi. Ìyá yẹn máa ń pè mí ní gbogbo òwúrọ̀ ọdún tuntun. Mo mú un, Aunty sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Nígbà tó kan ọkọ mi fúnra rẹ̀, mo gbé ọwọ́ kúrò.

"Mú un," wọ́n ní. "Tí lọ́yà bá béèrè ńkọ́?"

Mo mú un.

A kó wọn wọ akáǹtì tuntun, wọ́n dé ní méjì méjì. Gbogbo ọ àti ẹ inú orúkọ wa ti di àmì ìbéèrè. Mi ò mọ ta ni ta mọ́. Mo fẹ́ sunkún. Aunty bọ́ gèlè, wọ́n fa àga, wọ́n ní, "Máa kà á, kí n máa tún un kọ." Bá a ṣe tún un ṣe nìyẹn, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Àwọn kan sọ nù síbẹ̀. Ẹni tó ń rán aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún mi ní Ìkòròdú, mi ò rí nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ dòní.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, mò ń ra ata ní ọjà Rye Lane nígbà tí ọkọ mi pè.

"Mi ò rí ṣíìfù ẹ mọ́. Ṣé wọ́n ti dá ẹ dúró ni?"

"Rárá."

"Níbo lo wà?"

"Mo wà níta."

Ó ní kò burú. Mo rò pé ara máa tù mí. Ṣe ni mo dúró síwájú ata tí mi ò rántí iye tí mo fẹ́ rà, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Kọ̀ǹpútà yẹn ṣì wà lórí tábìlì, akáǹtì àtijọ́ sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí n ti jáde kúrò níbẹ̀, àmọ́ mi ò jáde. Láràárọ̀, tí tíì bá wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń ṣí i, màá ka ọ̀sẹ̀ rẹ̀: ibi tó ń lọ, ọjọ́ tó fẹ́ gẹrun. Mi ò sọ fún Aunty. Ó tó oṣù díẹ̀ tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣí i tó ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo tẹ èyí tí mo mọ̀, kò gbà á. Ọkọ mi ti yí i padà. Mo jókòó síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tíì mi tutù. Lẹ́yìn náà, mo pa á dé, mo wọ kóòtù, mo sì lọ síbi iṣẹ́.