Sípíkà Méjì àti Òrùka Àkànjí

Àkànjí, ọmọ Oníkòyí. Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Adúmáadán ọkọ mi, arìn-gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń dùn mọ́ lẹ́sẹ̀. Òun ló kú. Orúkọ tí wọ́n fún un níbi ìsàmì, mi ò ní kọ ọ́ síbí, mi ò sì ní kọ ti ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ mo rántí gbogbo wọn, títí dé orúkọ ìyàwó ẹni tó ta sípíkà fún wa.

Láràárọ̀ ni mo máa ń kì í, láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ẹnu ìyá rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Tí mo bá ti dé "ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn", màá dánu dúró. Òun ni yóò parí ẹ̀: "Iwájú gangan ni!" Nígbà mìíràn, pákò á ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Bí a bá ti jà lálẹ́ àná, tó bá ti dá mi lóhùn níbẹ̀, ìjà parí nìyẹn.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un, ó gba apá ọ̀tún, ó gba ohùn. Apá òsì ló kù, òrùka ìgbéyàwó wa sì wà níbẹ̀. Tó bá fẹ́ omi, á fi òrùka náà kan irin bẹ́ẹ̀dì: kó, kó. Tí mo bá ń kì í, tí mo dánu dúró, á kàn án bákan náà. Ó tó mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, mo kì í lẹ́ẹ̀mejì, mo dánu dúró, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti lọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Kì í ṣe ikú. Ẹni tó bá dàgbà tó wa ti ń retí ẹ̀. Ṣé ó gbọ́ mi ni, àbí ìrọ̀rí ni mò ń kì? Etí mi kan kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń ké lábẹ́ fèrèsé wa láàárọ̀ yẹn.

Ọmọbìnrin mi àgbà ti gba ohùn wa sílẹ̀ sínú fóònù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun lè gbọ́ bí mo ṣe ń kì bàbá wọn. A tẹ̀ ẹ́ nínú fóònù. Bí ẹ̀fọn tó há sínú agolo ló ń dún. Nígbà tí àwọn ọmọ wá ní ká ra sípíkà tí a ó fi máa gbọ́ orin ìsìn tí èrò bá ń wá kí wa, mo ní èmi náà máa bá wọn lọ rà á.

"Màámi, sípíkà kẹ̀? Ẹ jókòó jẹ́jẹ́."

"Mò ń bọ̀."

Ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà Tejúoṣó la lọ. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé oríṣi méjì sílẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n, irú tí wọ́n ń gbé sórí pẹpẹ ìwé, tí iná wọ inú wọn tààrà, tí kò nílò ẹ̀rọ mìíràn. Bákan náà ni wọ́n rí lójú mi. Ó ní ọ̀kan jẹ́ olówó gọbọi, ìkejì jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Ó tan ti mẹ̀kúnnù, orin àwọn ọmọ ìwòyí bú jáde, gíláàsì ilẹ̀kùn ń gbọ̀n.

Mo ní, "Ọmọ mi, ta ni mo ní mo fẹ́ bá jó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, béèsì lẹ̀ ń gbọ́ yẹn o! Òun ni gbogbo èèyàn ń rà."

"Fi ohùn èèyàn sí i fún mi."

Ọmọ mi so fóònù ẹ̀ mọ́ ọn. Ohùn mi jáde, ó tóbi, ó ń kù bí ẹni tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù omi. Mo gbọ́ ara mi, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Gbé e sórí ìkejì."

Ìkejì kò pariwo. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò tíì tàn án. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ tí gèlè mi ń ha ara rẹ̀. Mo gbọ́ sálúbàtà ọmọ mi lórí táìlì. Mo gbọ́ èémí bàbá wọn, tó ń fà á bí ẹni tó ń fa ẹrù gun òkè. Mo ń kì í bọ̀. Mo dánu dúró. Kó.

Mo di apá ọmọ mi mú.

"Fáànù ni, Màámi."

"Fáànù wo? Iná wa ni? Ìwọ náà ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ onílé kejì ni?"

Ó ní, "Bóyá èmi ni mo fi ṣíbí kan kọ́ọ̀bù."

"Dá a padà sẹ́yìn."

Ó dá a padà. Ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀, kò sí i. Ibi tí mo ti mí, kò sí i. Àfi ibi ẹ̀ṣọ́ nìkan: kó. Nínú ohùn tó gbà sílẹ̀ náà, mo tún kì í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kàn án, ó ti rọ̀ díẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá a padà sórí ti mẹ̀kúnnù, kí n lè mọ̀ bóyá ọkàn mi ló ń tàn mí. Òrùka kò sí níbẹ̀. A tún gbé e sórí ti olówó, òrùka wà níbẹ̀.

Mo bi ọkùnrin náà pé kí ló fà á. Ó ní béèsì, ìró ńlá tó ń kù yẹn, ni wọ́n fi bo ti mẹ̀kúnnù mọ́lẹ̀, ohun kékeré kò ní rọ́nà kọjá. Ó wo ojú ọmọ mi, kò polówó ọjà ẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi ti ń sunkún. Òun tó ti ń sọ láti ilé pé ká má náwó ní ìná àpà, òun ló wí pé, "Ẹ di ti olówó yẹn fún wa."

Mo ní, "Rárá. Ti mẹ̀kúnnù la máa rà."

"Màámi! Lẹ́yìn ohun tí ẹ gbọ́ yìí?"

"Mo ti gbọ́ ọ. Ṣé o fẹ́ kí àwọn èrò àdúgbò gbọ́ bí bàbá rẹ ṣe ń jà fún èémí? Ariwo ni èrò ń fẹ́. Rà á fún wọn."

Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Háà, Màmá! Ẹ ti fi iná mi gbọ́ tiyín tán!"

"Ọlọ́run á fi ẹni tó máa rà á ránṣẹ́ sí ọ."

"Àmín, Màmá. Tí ẹ bá tún fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ máa bọ̀. Mi ò ní tà á kíákíá."

Sípíkà mẹ̀kúnnù ṣiṣẹ́ ẹ̀ níwájú ilé wa, gbogbo ará àdúgbò ló ní ó pariwo dáadáa. Àwọn ọmọ fẹ́ bọ́ òrùka bàbá wọn fún mi, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Lójú oórì, mo kì í. Mo dé ibi ẹ̀ṣọ́, mo dánu dúró, mi ò dúró pẹ́, mo parí ẹ̀ fúnra mi.

Ọjọ́ Ẹtì la sin ín, pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́ ẹ̀.