Ọ̀nà Odò Tí Màmá Gbà Dé Port-Gentil

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí Màmá ti wẹ̀, tí wọ́n ti wọ bùbá, tí wọ́n sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Lalala, ní Libreville, pẹ̀lú báàgì lórí itan. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Port-Gentil là ń lọ. Àìsàn dá àbúrò wọn, Àǹtí Dọ̀kásì, dùbúlẹ̀ síbẹ̀, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́, ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ni wọ́n sì ń béèrè.

Ẹ̀yin ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè rò pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni èèyàn máa wọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títì kò dé Port-Gentil láti ọ̀dọ̀ wa. Bàálù tàbí ọkọ̀ ojú òkun ni. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún Màmá pé wọn kò gbọdọ̀ wọ bàálù lọ́dún yìí nítorí ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ní ti òkun, ó pé ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti sún mọ́ ọn gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ ojú omi tí bàbá mi wọ̀ ní Cotonou láti máa bọ̀ wá bá wa kò gúnlẹ̀ títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dààmú kí n tó bi fóònù mi. Ọgbọ́n àtọwọ́dá wà nínú rẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ tí ó ń dáhùn. Mo sọ fún un pé a kò fẹ́ bàálù, a kò fẹ́ òkun, àgbàlagbà ni, èémí wọn kò sì gùn. Ó to ìrìn náà fún mi: takisí dé ibùdókọ̀ PK8 lẹ́yìn ìlú, mọ́tò dé Lambaréné, ká sùn níbẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi sì gbé wa gba orí odò Ogooué dé Port-Gentil. Ó ní kí n pe èbúté kí n tó gbéra, torí àkókò ọkọ̀ kò dá òun lójú. Màmá ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n ní, "Ó ń sọ ọ́ bí àwọn ọmọ rẹ tí o bí síbí." Ṣùgbọ́n mo pa ohùn rẹ̀ kí ó tó ka ìlà tó kẹ́yìn, èyí tó sọ pé níbi tí odò ti parí, ọkọ̀ máa gba orí òkun fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ní Libreville, èrò ló ń dá owó takisí, kì í ṣe dẹ́rẹ́bà. Wàá dúró létí títì, wàá ké ibi tí ò ń lọ àti iye tí o máa san. Bó bá tẹ́ dẹ́rẹ́bà lọ́rùn, á fọn fèrè. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọjá lọ. Mo ké pé, "PK8, deux places, deux mille," ìyẹn àyè méjì, ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì. Takisí kẹta ló fọn fèrè.

Ẹni tó wa mọ́tò wa láti PK8 ni Ráfíù, Nàgó, ìyẹn Yorùbá, ọmọ Kétu ní Benin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Nígbà tó gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí, ó bẹ ọkùnrin tó wà níwájú pé kó bọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó síbí. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ kàn fọwọ́ tọ́ mi." Títì náà dán níbì kan, ó di kòtò níbòmíràn, àwọn ọkọ̀ agbégi tó ń lọ sí èbúté Owendo sì ń da ekuru pupa bò wá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Ráfíù dúró kí Màmá lè mí dáadáa. Ní Kango, a ra ẹja sísun àti bàtọ́n, ìyẹn ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ewé dì gbọọrọ, tí wọ́n sì sè. Màmá jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní, "Fùfú tó gbàgbé láti rọ̀ ni."

Nírọ̀lẹ́, a jókòó sẹ́yìn ilé àlejò ní Lambaréné, à ń wo odò. Ara mi kò gbà á mọ́.

Mo ní, "Màmá, ohun kan wà tí mi ò kà fún yín. Òkun wà lópin odò yìí."

Wọn kò yíjú. "Nígbà tí mo dé Gabon, níbo lo wà?"

"Ẹ̀yìn yín ni mo wà."

"O wá rò pé mi ò mọ̀ pé omi ló yí Port-Gentil ká?" Wọ́n tọ́ka sí odò. "Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú òkun ní èbúté Libreville, òjijì ni. Mo fẹ́ kí odò mú mi lọ bá òkun díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi nǹkan pa mọ́ fún mi mọ́. Àìsàn ló ń ṣe mí, mi ò di ọmọdé."

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ kejì, Pascal, awakọ̀ ojú omi, ọmọ Gabon, fi Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Màmá àti òkun fún un. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ láàárín wákàtí kan. Àwọ̀ omi ni Pascal fi ń mọ ibi tí iyanrìn wà. Lọ́sàn-án, ó dín eré kù, ó rọra sọ pé, "Maman, c'est ici," ibí ni, ìyá. Kò sí èrò kan tó ráhùn. Màmá ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Iyọ̀ ti dé." Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú títí a fi gúnlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò lọ́dọ̀ Àǹtí Dọ̀kásì. Màmá ń fi ṣíbí bọ́ wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn. Lọ́jọ́ kẹrin, Àǹtí gba ṣíbí náà, wọ́n sì dá jẹ abọ́ ọbẹ̀ kan tán. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Màmá ní kí n lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú òkun. Mo bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. "Ẹ̀dọ̀fóró mi kò fẹ́ kòtò yẹn mọ́," ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Nígbà tí a kò rí ilẹ̀ mọ́, wọ́n pe orúkọ bàbá mi, Jóṣúà, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Mo dìde kúrò níbẹ̀ fún wọn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ráfíù àti Pascal. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Ó la ọ̀nà fún wa, ó sì sọ òótọ́ tí èmi ọmọ bíbí inú Màmá kò lè sọ.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí a fi dé Lalala. Àwọn ọmọ mi sáré jáde, wọ́n ń fi Faransé béèrè bí òkun ṣe rí. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà jókòó. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́, irú ẹni tí bàbá àgbà wọn jẹ́: bó ṣe máa ń rìn, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, orin tó fẹ́ràn jù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí ọmọ kankan tó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.