Fádèyí, Olùwá Tí Kì í Ṣe Olúwa

Gbogbo ohun tí ẹ máa kà níbí, òótọ́ ni láti orí dé ìrù. Àbùlà kankan kò sí nínú rẹ̀. Ibi tí iye ènìyàn bá ti pọ̀ jù lójú yín, ẹ má dín in. Ibi tó bá ti kéré, ẹ lè fi díẹ̀ kún un, nítorí a ti gbìyànjú láti ṣe é níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni gbogbo ayé fi mọ Fádèyí, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Séverin Fádèyí, ọmọ Pobè, jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọba nílùú rẹ̀ nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń pàṣẹ ní ilẹ̀ Dahomey. Mùsé ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́bọ̀ ni ilé-ìwé Faransé máa ń sinmi. Ní Ọjọ́bọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń na ẹsẹ̀ sórí ẹní, Fádèyí á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sakété, níbi tó ti gba yàrá kan lẹ́bàá ibùdókọ̀, tó ti ń kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà láti ka èdè tiwọn. Kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olùkọ́ níbẹ̀. Ó ní olùkọ́ lòun ní Pobè. Ní Sakété, òun ń wá ọ̀nà tí ìwé ń gbà wọ orí àgbàlagbà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí i. Ẹni tó ń wá nǹkan, olùwá ni. Ló bá mú ẹfun, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn:

OLUWA N BE NIBI. E WOLE NI OJOBO.

Kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò àmì.

Kí oòrùn tó ga, Basile tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ìjọ Àgùdà ń kọjá lọ. Ó ka ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Olúwa ń bẹ níbí. Ó ṣe àmì àgbélébùú, ó sì gba ilé Múdàṣírù lọ, oníṣòwò aṣọ tó ni yàrá náà, tí kì í pa ìrun kankan jẹ. Ó ti tó ọdún méje tí àwọn méjèèjì ti kí ara wọn gbẹ̀yìn, nítorí igi máńgòrò kan tó wà láàrin mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jọ rìn. Àwọn kan ní ogún ènìyàn ló tẹ̀ lé wọn, àwọn mìíràn ní ogójì. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọgọ́ta.

"Mùsé," Basile béèrè, "ta lẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni. Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin? Tí ẹ ń bẹ níbí?"

"Ọjọ́bọ̀ nìkan. Ní ọjọ́ yòókù, Pobè ni mo wà."

"Subhánálláhì," Múdàṣírù wí. "Jímọ̀ ni tiwa."

"Àìkú ni tiwa," Basile fi kún un.

Láti ọjọ́ tí Sakété ti dáyé, ohun àkọ́kọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn: pé Ọlọ́run kì í ṣe ti Ọjọ́bọ̀.

Ohun tí Fádèyí bá ti gbé lé orí, kì í sọ ọ́ kalẹ̀. Kó tó di ti ilẹ̀kùn, ó ti mú ìwé àti kálámù lọ sí Aguidi láti bi àwọn tó ń fín igbá léèrè bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe rí ọkùnrin tó wọ bàtà, tó mú ìwé dání, wọ́n ní agbowó-orí ti dé. Kó tó kí wọn tán, abúlé ti ṣófo. Adìẹ nìkan ló dúró dá a lóhùn. Ẹlòmíràn ì bá padà sílé. Fádèyí jókòó, ó gbé igbá kan tí ẹnìkan jù sílẹ̀ nígbà tó ń sá lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọnà alángbá tó wà lára rẹ̀ sínú ìwé. Oòrùn kọjá àtàrí, ó ṣì ń yà á. Nígbà tó yá, bàbá arúgbó kan yọ orí láti inú àgbàdo.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, alángbá yẹn kò ní ẹsẹ̀ márùn-ún."

"Mẹ́ta ló ní?"

"Mẹ́rin ni. Gbé kálámù yẹn wá."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo abúlé ti yí i ká, wọ́n ń bú u, wọ́n ń tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń sọ gbogbo ohun tó wá béèrè láìjẹ́ pé ó béèrè. Fádèyí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: "Ohun kìíní tí mo rí: ènìyàn ń sá fún ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò lè fara da àṣìṣe." Láti ìgbà náà lọ, yálà abúlé Yoko ló lọ tàbí Ita-Djèbou, alángbá ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló máa ń kọ́kọ́ yà.

Ó ń kó gbogbo rẹ̀ jọ lédè Faransé, ó ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní Dakar. Ìgbà mẹ́rìnlá ló kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fèsì: pélébé ìwé kan tó sọ pé ẹrù rẹ̀ ti tẹ àwọn lọ́wọ́. Fádèyí ní kí káfíńtà ṣe férémù fún un, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri. Bí àlejò bá béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, á ní, "Dakar gbà." Wọn kò sì lè pè é ní òpùrọ́, nítorí wọ́n gbà á lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kò tán síbẹ̀. Bonaventure tó ń ṣe ògbufọ̀ fún kọ̀màǹdáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso Pobè, gbọ́ ọ. Inú ọkùnrin yìí kò dùn sí Fádèyí láti ọjọ́ tí Fádèyí ti tún Faransé rẹ̀ ṣe lójú ọ̀gá rẹ̀. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún kọ̀màǹdáǹ báyìí: olùkọ́ ìjọba kan ní Sakété ti di Ọlọ́run, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì ń sìn ín. Kọ̀màǹdáǹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ sí Porto-Novo, èsì sì dé pé aláyẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá rí ohun gidi kan nínú kíláàsì náà, wọ́n á tì í pa, wọ́n á sì gbé Fádèyí lọ sí Natitingou lókè àríwá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ èdè tó ti fi ọdún mẹ́wàá wá ìdí rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọ́n ká. Ẹnìkan ṣoṣo ló wọlé ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Màrúfátù, ìyàwó Múdàṣírù. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló bá wá.

"Mùsé, ọkọ mi ní kí n wá gbé àga wa."

"Ẹ máa gbé e, Ìyá Ràúdátù."

Ó gbé àga dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ka ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́ta péré ló ti ń kọ́ ìwé. Fádèyí mú un mọ́ra nítorí ó lè jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ kó dárúkọ ọgọ́ta irú aṣọ láti òkèèrè. Fádèyí sọ pé ojú tó mọ ọgọ́ta àrà, lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò lè ṣẹ́gun rẹ̀.

"Kí lẹ kọ síbí ná?"

"Olùwá."

"Mo rí olùwá níbẹ̀. Mo rí Olúwa náà. Èwo ni kí n mú?"

"Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n."

"Èmi ò gbọ́ Yorùbá ni?" Ó na etí ìró rẹ̀ síwájú. "Ẹ wo aṣọ yìí. Bí ẹ bá yọ àwọn àmì tótòtó inú rẹ̀ kúrò, ó ti di aṣọ mìíràn, orúkọ rẹ̀ ti yí. Kùránì ọkọ mi, àmì ń bẹ lókè, ó ń bẹ nísàlẹ̀. Tiyín nìkan ló wà ní ìhòòhò."

Ogójì ojú ìwé ni Fádèyí ti kọ láti fi hàn pé fífi tádà ṣòfò ni àmì. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ìró, ó tún wo ilẹ̀kùn. Ó mú ẹfun, ó fi àmì sí olùwá. Lẹ́yìn náà ó dojú ìwé rẹ̀ dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn: "Ohun kejì tí mo rí: èmi kọ́ ni mo rí i, Màrúfátù aláṣọ ni." Àga náà kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà, Fádèyí sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ní Pobè pé eyín ń dun òun. Ojoojúmọ́ ló ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ tọ́jú eyín ní Sakété. Òwú ni òun àti Màrúfátù fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ àmì ohùn. Òwú tó dà sísàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Òwú tó gbéra sókè, ohùn òkè. Ibi tí kò bá sí òwú, ohùn àárín. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni eyín kan ṣoṣo fi ń dun Fádèyí, bẹ́ẹ̀ ni kò wú.

Ọjọ́ pé. Aláyẹ̀wò dé, òyìnbó gígùn kan tó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá náà. Bonaventure tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí Màrúfátù lọ dúró sí ibùdókọ̀, kí Basile máa ṣọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ nǹkan sí i létí. Aláyẹ̀wò wá ní kí ògbufọ̀ fún Fádèyí ní gbólóhùn kan tí yóò kọ sójú pátákó. Bonaventure rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kọ ọ́ pé: Olúwa rí olùwá, olùwá kò rí Olúwa."

Fádèyí kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Wọ́n pe Màrúfátù wọlé, ó dúró níwájú pátákó, ó ń wo àmì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan aṣọ. Múdàṣírù wà lẹ́yìn, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Màrúfátù, bí kò bá yé ọ, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ jẹ́ n rí aṣọ náà dáadáa, Bàbá Ràúdátù."

Ó na ìka sí i. "Olúwa... rí... olùwá." Ó mí kanlẹ̀. "Olùwá kò rí Olúwa." Ó súnmọ́ pátákó náà díẹ̀ sí i. "Ṣùgbọ́n àmì kẹta yìí wọ́. Mùsé, ọwọ́ yín gbọ̀n."

Aláyẹ̀wò yíjú sí Bonaventure, ó béèrè bóyá ó kà á bó ṣe yẹ. Òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, àwọn ará ibẹ̀ kò sì gbọ́ Faransé, àfi Fádèyí tí wọ́n wá dá lẹ́jọ́. Bí ògbufọ̀ bá ní rárá, Natitingou ti dé nìyẹn. Bonaventure wo Fádèyí. Ó wo obìnrin tó ṣì na ìka sára pátákó. Ó sún mọ́ pátákó, ó wo àmì kẹta náà.

"Ó kà á bó ṣe yẹ, ọ̀gá," ló sọ lédè Faransé. "Àmì kẹta náà sì wọ́ lóòótọ́."

Ọ̀ràn kan ló kù: òfin kò gba èdè wa láyè nínú kíláàsì. Aláyẹ̀wò ronú, ó wo àwọn òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀: dessin, ìyẹn àwòrán yíyà. Láti ọjọ́ náà, nínú ìwé ìjọba, àwòrán ni àwọn obìnrin Sakété ń yà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá bi Fádèyí pé àwòrán kí ni, á ní, "Ohùn."

Basile nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀. "Mùsé, ẹ fi nǹkan kún orúkọ yẹn, kó lè jìnnà díẹ̀ sí ti Ọlọ́run." Múdàṣírù ní òdodo ọ̀rọ̀ ni. Fádèyí fi ìdí kún un, ó di Olùwádìí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ará ìlú ńlá, tí wọ́n ní àwọn ló ni ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà.

Ó tó ogún ọdún tó fi ń wá, tó sì ń rí. Ọdún tó ṣáájú òmìnira, àìsàn dá a gúnlẹ̀ ní Pobè. Ní ọjọ́ kan, Màrúfátù gba ìwé pélébé kan ní ìsọ̀ rẹ̀: "Iya Raudatu, mo n wa." Kò sí àmì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó pa ìsọ̀ dé, ó bá ọkọ̀ ojú irin tó kàn lọ, inú sì ń bí i títí ó fi dé Pobè.

"Mùsé, kí lẹ kọ yìí? Ẹ ń wá nǹkan ni, àbí ẹ ń wa ọkọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ gbogbo wa?"

Fádèyí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Alángbá ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni. Bí mo bá ránṣẹ́ pè yín, ẹ̀ẹ́ ní ọjà ń lọ lọ́wọ́. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Màrúfátù jókòó sétí ẹní, ó gba kálámù, ó sì rọra fi àmì òkè sórí ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn. Mo ń wá. Fádèyí gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó wò ó fínnífínní.

"Ó pé," ó wí. "Ọwọ́ yín kò gbọ̀n."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e kò bá a láyé. Bíríkìlà tó ṣe sàréè rẹ̀ kọ FADEYI OLUWADII sára sìmẹ́ǹtì, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, Màrúfátù gbé aró wá nínú ife, ó kúnlẹ̀, ó sì fi gbogbo àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ń fọ̀ ọ́ lọ lọ́dọọdún. Bí òjò bá ti dá, á tún wọ ọkọ̀, á tún lọ.

Màrúfátù ṣì wà láàyè. Ilé rẹ̀ ni èyí tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ní Sakété, ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí níwájú. Ẹ lọ bi í bóyá irọ́ ni. Bó bá sì jẹ́ ìwé lẹ fẹ́ kọ sí i, ẹ fi àmì sí i. Àfi bí ẹ bá fẹ́ kó wá fúnra rẹ̀.