Igbe Tó Di Ìgbẹ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Olúbùsọ́lá, tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí Ìyá Wúrà, fi tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Barking, nílùú Òyìnbó. Ó ń nu ìgbẹ́ wọn, ó ń fọ̀ ọ́ kúrò lára aṣọ, kò sì yínmú rí. Èyí tó rí lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kan ni kò lè gbé mì.

Orin tí ìjọ gbà nínú ìran ni wọ́n fẹ́ kọ: "Bàbá, igbe mi ń gòkè tọ̀ ọ́ wá." Ohun tí ẹ̀rọ tó ń tan ọ̀rọ̀ orin sára ògiri gbé jáde ni: "Bàbá, ìgbẹ́ mi ń gòkè tọ̀ ọ́ wá."

"Èèwọ̀! Ta ló yàgbẹ́ sílé Ọlọ́run?" Ìyá Wúrà figbe ta.

Sylvanus, ọmọ Ùròbò tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ní òun kọ́. Lẹ́tà lásán lòun ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń fi àmì sí i fúnra rẹ̀. "Mọ́mì, Yorùbá mi ò ju ẹ káàárọ̀ lọ. Mo rò pé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ni."

Wòlíì Adégbọlá kò jẹ́ kọ́rọ̀ pọ̀: bírú rẹ̀ bá tún wáyé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọn yóò máa kọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Wúrà wọ bọ́ọ̀sì láti ilé rẹ̀ ní Marks Gate wá jókòó ti Sylvanus ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ igbe; ó di ìgbẹ́. Ó pa á rẹ́. Ó tún yọjú. Ó nàka sí ẹ̀rọ náà.

"Ẹlẹ́gbin! Kò sọ́rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ ni?"

"Mọ́mì, kò létí o."

"Ó nídìí ṣá!"

Sylvanus rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Wúrà ò rẹ́rìn-ín. Ó rántí Catherine, arúgbó kan nílé ìtọ́jú tó máa ń gbá ọwọ́ ẹni dànù. Ariwo kọ́ ló fi rọ̀ ọ́. Ó ń wò ó ni, títí ó fi mọ ohun tó ń bí i nínú. Ó wá ń wo ẹ̀rọ náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń yí, tí ìlà pupa tín-ín-rín á yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ ìlà náà. Ọ̀rọ̀ méjì jáde kó mú èyí tó wù ú: ìgbẹ́ lókè, igbe nísàlẹ̀.

"Kí ló dé tó jẹ́ ìgbẹ́ ló ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn?"

Ó mú igbe tó wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi yẹ orin méjìlá wò, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó parí, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Wòlíì ka ìlà náà lára ògiri tán kó tó lanu. "Bàbá, igbe mi," ó dá a, ìjọ sì gbè é. Ìyá Wúrà ò tíì kọrin. Ìlà kejì tí ẹ̀rọ fẹ́ gbé jáde ló ń ṣọ́, kí ìgbẹ́ má tún yọjú; ó ti yínmú dè é.