Fìlà Tí Mo Fi Orí Ara Mi Wọ̀n

Gbogbo ẹni tí mo ti hun nǹkan fún rí, mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. Mo di ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi kan mú bí ẹni tó ń wo èékánná rẹ̀, mo fi ìka yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká, kò mọ̀ pé ẹ̀gbà òwú ni mo fẹ́ hun fún un. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi mìíràn bímọ, mo fi òwú wọn àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà níbi tó sùn sí lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bàtà tí mo hun bá a mu fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tóbi jù ú. Tata mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó tọ́ mi dàgbà ní Tchaourou, aránṣọ ni. Mo hun ìbòrí fún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìyẹn ló rọrùn jù, nítorí pé ẹ̀rọ kì í mira.

Bàbá mi nìkan ni mi ò tíì hun nǹkan fún. Kì í ṣe pé mi ò rò ó. Fìlà ni mo fẹ́ hun fún un, fìlà funfun olójú wẹ́wẹ́, irú èyí tí àwọn ọkùnrin ilé wa ń dé lọ kírun Jímọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í hun fìlà láìmọ bí orí ṣe tóbi tó, ọmọbìnrin kì í sì í na ọwọ́ sí orí bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹnu sọ ọ́ fún mi rí. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni, bí mo ṣe mọ̀ pé mi ò lè jókòó sórí àga rẹ̀.

Ìyá mi kú kí n tó mọ ìrìn í rìn dáadáa. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bóyá kò sí ohun tí wọ́n lè sọ ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí bàbá mi kó lọ sí oko ní apá Bétérou. Ó ń gbin iṣu àti àgbàdo níbẹ̀, ó ní kájú, ó sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Èmi dúró lọ́dọ̀ Tata.

Láti Tchaourou dé oko náà, ènìyàn lè gun alùpùpù lọ kó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Bóyá ìdí nìyẹn tí àárò bàbá mi fi ṣòro fún mi láti ṣàlàyé. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi ní bàbá ní Libreville, ní ìlú òkèèrè. Tí wọ́n bá ní àárò ń sọ wọ́n, gbogbo ènìyàn á káàánú wọn. Tèmi wà nítòsí. Ó máa ń wá tí iṣu tuntun bá jáde, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú àtẹlíè tí Tata ti ń ránṣọ, á mu omi, á wá bi mí bóyá ẹ̀kọ́ mi ń lọ dáadáa. Mo máa ń dáhùn pé ó ń lọ dáadáa. Tí a bá ti sọ ìyẹn tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀nà.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń sọ fún mi nípa èmi àti rẹ̀ ni pé orí rẹ̀ ni mo gbé. Tata ló ń sọ ọ́, fún mi àti fún àwọn oníbàárà tó bá béèrè ọmọ ta ni mí. Mo fẹ́ràn láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹni tó fojú rí i ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Òótọ́ ni pé Tata mọ orí méjèèjì. Òótọ́ sì ni pé Tata ò rán aṣọ fún ẹnikẹ́ni rí kó má sọ fún un pé aṣọ náà bá a mu.

Nígbà tí mo gba lisáǹsì mi ní yunifásítì Parakou tí mo padà sílé láti máa wá iṣẹ́, àyè wà fún mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Tata ló kọ́ mi ní kùróṣé nígbà ìsinmi ní ọdún tó ti pẹ́: òwú kan, abẹ́rẹ́ kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu, o sì lè hun ohunkóhun. Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀, mo bi Tata léèrè nínú àtẹlíè.

"Tata, ṣé ẹ mọ bí orí Baba ṣe tóbi tó?"

Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Orí bàbá ẹ? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ hun fìlà fún un, kó lè dé e lọ́jọ́ ọdún."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó wá kàn án. Èmi rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan lo máa ń dé fìlà fún."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tata, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé kò sí dígí ní yàrá ẹ ni? Wọn orí ara ẹ. Orí kan náà ni. Ọlọ́run là yín bí igbá ni."

Mo rò ó wò. Mo lè ránṣẹ́ lọ gba ọ̀kan nínú àwọn fìlà rẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n fìlà tó ti gbó ti fẹ̀, kò lè sọ òótọ́ nípa orí mọ́. Ó sì ní ohun mìíràn tí mi ò sọ fún Tata. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá hun fìlà náà sí orí mi, tó sì bá bàbá mi mu, a jẹ́ pé mo ní nǹkan rẹ̀ kan tí kò ní gun alùpùpù kúrò lọ́dọ̀ mi. Tí kò bá bá a mu ńkọ́? Mi ò ronú dé ibẹ̀ yẹn.

Mo tú irun mi kí dídì rẹ̀ má baà fi kún ìwọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ fìlà: òrùka òwú kékeré kan ní àárín, kí ojú rẹ̀ máa pọ̀ sí i bí o ṣe ń yí i ká, títí tí yóò fi bo òkè orí, lẹ́yìn náà kó wá sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Nígbà tó kù díẹ̀, mo dé e, mo wo dígí, mo ń wá ojú bàbá mi níbẹ̀. Mo wá rí i pé mi ò mọ ojú náà tó láti iwájú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo mọ̀, nítorí ojú ọ̀nà tó máa ń wò.

Ọjọ́ ọdún pé. Mo fi fìlà náà sínú àpò, mo jókòó sí ibi tí mo ti lè gbọ́ ìró alùpùpù. Lẹ́yìn ìrun, ẹnì kan gbé iṣu wá láti Bétérou, ó ní bàbá mi kí wa kú ọdún. Ó ní kájú ti pọ̀ nílẹ̀, àwọn tó ń rà á ti dé, kò lè fi í sílẹ̀. Tata dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Ṣé fìlà ò ní ẹsẹ̀ ni? Gbé e lọ bá a."

Lọ́jọ́ kejì, mo gun zẹmijáǹ kan, alùpùpù akérò, lọ. Ilẹ̀ ti gbẹ, eruku pupa bò wá, òórùn èso kájú tó ti rọ̀ sì gba gbogbo ọ̀nà nígbà tí a sún mọ́ oko. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú òkìtì kájú, ó ń yọ kóró kúrò lára èso. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré gun ọrùn rẹ̀, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú. Bí mo ṣe ń bọ̀, ọmọ náà ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó fi bo ojú ara rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, fìlà mi dà?" ni bàbá mi wí, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ sókè láti gbà á.

Orí rẹ̀ ti funfun. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà gbé àgbọ̀n lé e bí ẹni gbé àgbọ̀n lé ìrọ̀rí, mo sì dúró díẹ̀ kí n tó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba. Ẹ kú ọdún."

"A kú ọdún. Kí ló dé? Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Ara gbogbo wọn yá. Mo wá kí yín ni."

"O wá kí mi." Ó tún un sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú omi. "Ẹ jẹ́ kó mu omi ná, kí ẹ tó máa bi í léèrè bíi jáńdámù lójú pópó."

Mo mu omi, mo yọ fìlà náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò kó tó gbà á.

"Ta ló hun ún?"

"Èmi ni."

"Ìwọ? Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà yẹn?" Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Ó gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó dé fìlà mi.

Fìlà náà kò wọlé. Ó jókòó sí òkè orí rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò kékeré lórí ìkòkò ńlá. Ó fà á síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ sì yíjú sí ibòmíràn.

"Orí ta lo fi wọn èyí?"

"Orí tèmi ni, Baba. Tata ní orí kan náà ni."

Ó ṣí i. Ó ki ìkúùkù bọ inú rẹ̀, ó ń yí i po díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó.

"Tata ẹ ń tàn ọ́ ni," ló wí. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. "Orí ìyá ẹ nìyí."

Mi ò gbọ́ kó sọ "ìyá ẹ" rí láyé mi. Ó ṣì ń yí fìlà náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Bó ṣe kéré nìyí gẹ́lẹ́. Ìborí tí mo bá rà fún un kì í dúró, á máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Tó bá ń lọ sọ́jà, á há píìnì síwájú, á há sẹ́yìn. Mo máa ń sọ fún un pé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ìborí ẹ̀ á dé ilé ṣáájú ẹ̀."

"Kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Á ní kí n lọ ra orí mìíràn fún òun."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wo ojú ọ̀nà. Mo ní kó fún mi ní fìlà náà kí n tú u, kí n fẹ̀ ẹ́.

"Má tú u. Hun òmíràn."

"Mi ò mọ ìwọ̀n, Baba."

"Ṣé orí mi kọ́ nìyí?"

Mo fa òwú yọ láti inú àpò. Mo ṣì wà lórí eékún. Ó tẹrí ba, ó dúró dè mí, lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde. Ta ló ń wọn orí láti ìsàlẹ̀?"

Mo dìde. Mo fi òwú yí orí bàbá mi ká lókè etí. Oòrùn ti mú un gbóná. Mo so ojóbó kan sí ibi tí ẹnu òwú ti pàdé, mo sì rí i pé kò sí ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe níbẹ̀. Ó yẹ kí orí ènìyàn tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wíwọ̀n rẹ̀ lè pẹ́. Nígbà tí mo ń lọ, fìlà kékeré náà wà nínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó ká a sí méjì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Tata nígbà tí mo délé. Ẹ̀rọ dúró.

"Òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ ìyá ẹ?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

Ó fi eyín já òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni sísọ́ọ̀sì wà níwájú rẹ̀. "Orí ẹ kéré lóòótọ́," ló wá wí. "Mi ò fẹ́ kí o máa wá ẹni tí o ò ní rí ni. Bàbá ẹ ńkọ́? Kò burú jù, o lè gun alùpùpù lọ bá a."

Mi ò bínú sí i. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo ní, ọkùnrin tó ti pẹ́ tó ti rí orí náà kẹ́yìn, kò sì sí fọ́tò tí mo lè fi wé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó lè ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń yí nínú fìlà yẹn, kò sì jọ ọwọ́ ẹni tó ń méfò.

Fìlà kejì tí mo hun ránṣẹ́ sí i bá a mu. Tata ló sọ fún mi. Àwọn oníbàárà tó wá láti Bétérou ló sọ fún Tata, nítorí náà mo gbà á. Èkíní ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá mi. Mi ò béèrè ohun tó ń fi ṣe.

Parakou ni mo wà báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní jọ́gíráfì. Obìnrin tó ń dirun fún mi lẹ́bàá ọjà kì í yé fi orí mi ṣẹ̀fẹ̀. Bó ti ń ya irun mi báyìí á ní, "Àdúgbò kékeré! A ó parí kíákíá, wàá tètè lọ sílé." Tẹ́lẹ̀, inú mi máa ń dùn pé mi ò ní pẹ́ lórí àpótí. Lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, ó tún sọ ọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mi mú láti tún un ṣe, ọwọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Ẹ má kánjú," ni mo sọ fún un. "Mi ò ní ibì kankan láti lọ."