Bẹ́ńṣì Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Màmá Mi Ti Ń Jẹun

Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́. Mo ti bá onílé jà lórí omi, mo ti bá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá jà lórí ìjókòó, mo sì ti bá ọ̀gá ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké jà lórí ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ọdún kòrónà ni mo kọ́kọ́ pàdé ẹni tí mi ò lè fi ẹnu ṣẹ́gun. Màmá mi ni. Wọn ò bá mi jà rárá, wọ́n kàn kọ oúnjẹ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò lọ́dọ̀ mi ní Ìbà. Abúlé wa lápá Ẹ̀gbádò ni wọ́n ti wá, nítorí ikọ́ fée tó ń dà wọ́n láàmú, kí dókítà lè yẹ àyà wọn wò. Kí ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún tó pé, ìjọba kéde kónílé-gbélé, wọ́n ti ẹnubodè Èkó pa, màmá mi sì di ará Ìbà tipátipá. Yàrá méjì ni mo ní, mo fi ọ̀kan ṣe pálọ̀. Fèrèsé ọ̀kan ń wo ògiri aládùúgbò, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè na ọwọ́ kan án. Èkejì ń wo jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lókè.

Nínú ilé yìí ni màmá mi ti ń fi ṣíbí mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fi mẹ́ta ọ̀hún parí rẹ̀. Wọ́n á dé abọ́, wọ́n á ní, "Mo ti yó." Ta ló ń yó látàrí ṣíbí mẹ́ta? Mo kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ mi ni kò dùn. Mo se ẹ̀bẹ, mo se ẹ̀gúsí, mo se ẹ̀wà elépo. Ṣíbí mẹ́ta náà ni. Mo pe nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn lórí fóònù, ó ní oògùn àyà tí wọ́n ń lò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lò lórí inú òfìfo, pé bí wọ́n bá ń rù báyìí, tí kòrónà wá lọ bá wọn pẹ̀lú irú àyà bẹ́ẹ̀... Ìró tí wọ́n mú wá láti ilé ti ń yí ìdí wọn po lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi.

Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ jẹun?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi ò dá jẹun nínú yàrá rí. Ògiri yìí ló ń wò mí."

"Èmi ńkọ́? Ṣebí mò ń bá yín jẹun?"

"Ìwọ? Ìwọ tó ń jẹun bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé?"

Ó yé mi. Lábúlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ni màmá mi ti máa ń jẹun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, èèyàn ń kọjá, ẹnu kì í dákẹ́. Mo pinnu pé bí ìjọba bá tú wa sílẹ̀ díẹ̀, n ó wá ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ níta gbangba, tí èèyàn ò ní mí sí màmá mi lójú.

Ìjọba tú wa sílẹ̀ lóòótọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ ń lọ, bí ọlọ́pàá inú. Ní Ìyànà Ìbà, mo rí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé ìjókòó wà níta. Ó wà níta lóòótọ́, wọ́n to àga sí etí títì, ìgúnpá ẹnìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ọbẹ̀ ẹnìkejì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ò sí nínú rẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ léèrè, ó ní, "Àǹtí, bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn? Ìjọba la gbé e síbẹ̀ fún." Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ohun tí mo sọ fún un.

Mo lọ sí Òkókómaikó. Wọ́n ní ibì kan wà níbẹ̀ tó ní koríko àti kánópì. Nígbà tí mo débẹ̀, òjò ti mú kí wọ́n fi tapólì bo ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kánópì náà, ìta ti di yàrá, yàrá ọ̀hún sì gbóná ju tèmi lọ. Orin ń dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fi ẹnu kan ara wọn létí kí wọ́n tó lè béèrè ẹran. Mo bi ẹni tó ni ín pé ṣé ìta nìyí. Ó ní, "Màdáàmù, ṣé ẹ rí òrùlé níbí ni?" Mo gbójú sókè, mo gbójú wálẹ̀, mo bá tèmi lọ. Mo tún gbọ́ ti ibì kan ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, mo lọ, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa.

OníMárúwá tó gbé mi bọ̀ ló gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn láti ibẹ̀ dé ilé. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò kúkú lọ sọ́dọ̀ káfíńtà?" Mo rò pé ó ń bú mi ni. Kí ló kan káfíńtà nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ?

Ó kàn án. Lẹ́yìn Ìbà, níbi tí ilé ti ń dín tí koríko ń pọ̀, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti gbé iṣẹ́ bẹ́ńṣì fún, bẹ́ńṣì gígùn tí èèyàn mẹ́jọ lè jókòó sí. Bó ṣe ń parí wọn ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ìjọ ní kó ṣì mú sùúrù, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò gba bẹ́ńṣì mọ́, ó bá to gbogbo rẹ̀ sórí koríko. Ìyàwó rẹ̀ tó máa ń se ìrẹsì ọ̀fàdà fún àwọn tó ń kọ́lé náà ò rí ẹni tà fún mọ́, torí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti dúró. Àwọn tó bá wá rà á lọ sílé wá ń jókòó sórí bẹ́ńṣì láti sinmi, àtisinmi di àtijẹun. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìdílé kan, bẹ́ńṣì kan. Òfin káfíńtà nìyẹn. Ó so ìbòmú mọ́ imú, ó fi pẹ́ńsùlù há etí, ó ń ti ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì bọ sí ibi tó yẹ kí ó wà. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe jìn síra tó. Ó fa téèpù yọ, ó wọ̀n ọ́n lójú mi. Ó ní, "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ géérégé. Ìjọba ní mẹ́fà tó, ṣùgbọ́n mo fi méjì sí i nítorí àwọn tó máa ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀." Ìdí bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan ní kẹ́tùlù omi tirẹ̀ àti ọṣẹ tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ jẹun níbẹ̀ kí n lè rí àléébù, mi ò rí. Inú ń bí mi díẹ̀ pé mi ò rí.

Ọjọ́ tí mo mú màmá mi lọ, àárín bẹ́ńṣì ni wọ́n jókòó sí bí ìyá ọkọ. Wọ́n tú ewé ọ̀fàdà, òórùn ata dúdú àti irú jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mò ń fi ojú ka ṣíbí. Ẹ̀kẹrin wọlé, ẹ̀karùn-ún wọlé. Nígbà tó di ẹ̀keje, ẹkún ayọ̀ ti fẹ́ gbọ̀n mí. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe ń kọjá lójú ọ̀nà, màmá mi gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Ẹ wá jẹun o!"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìkíni ni "ẹ wá jẹun", kì í ṣe ìpè. Ẹni tí wọ́n kí náà mọ̀, á ní "á gba ibi ire o", á máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í ṣe ẹni tí à ń fi aṣọ bo ẹnu dá lóhùn láti ojú ọ̀nà. Ọkùnrin yìí yà kúrò lọ́nà, ó wá títí dé iwájú wa, ó fa ìbòmú wálẹ̀ sí àgbọ̀n kí màmá lè rí ojú rẹ̀ dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Á gba ibi ire o, màmá! Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú afẹ́fẹ́ o!" Gbogbo èémí inú rẹ̀ ló kó lé màmá mi lójú. Mo fò dìde, mo ní, "Ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ fa ìbòmú yín sókè!" Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí.

Èèyàn márùn-ún ni màmá mi kí lọ́jọ́ náà. Àwọn márààrún ló wá, àwọn márààrún ló ṣí ẹnu sílẹ̀, àwọn márààrún ni mo lé. Bí mo ṣe lé ẹ̀karùn-ún tán, màmá mi fi ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti dáyé, wọn ò lé èèyàn nídìí oúnjẹ mi rí." Wọ́n ká ewé padà, wọ́n dìde. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n lo oògùn lórí inú òfìfo, wọ́n sì di ikùn mú títí oorun fi gbé wọn lọ. Mo jókòó sí pálọ̀, mo sunkún. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n máa kí èèyàn, kòrónà lè wọlé. Bí mi ò bá jẹ́ kí wọ́n kí èèyàn, wọn ò ní jẹun. Èwo ni n ó ṣe?

Lọ́jọ́ kejì mo lọ ro ẹjọ́ fún káfíńtà, mo ti múra sílẹ̀ pé bó bá rẹ́rìn-ín, a ó jà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa téèpù yọ. Ó ní, "Ìkíni ni wàhálà, àbí? Kò burú, ìkíni náà ní ìwọ̀n tirẹ̀." Ó wọlé sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé pákó ìkúnlẹ̀ kan jáde lára iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, èyí tí wọ́n ti fi tìmùtìmù bò lórí kí eékún má baà dun àwọn olùjọ́sìn. Ó gbé e sórí koríko, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí bẹ́ńṣì tí màmá mi fẹ́ràn. Ó ní, "Ibi tí ìkíni parí sí nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ kí màmá, kó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè ní a fi ojú di òun, tìmùtìmù la fún un."

Ó sì ṣiṣẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn èèyàn ń rí tìmùtìmù, ó ń wù wọ́n kúnlẹ̀. Àwọn tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ pàápàá ń kúnlẹ̀. Màmá mi gbà pé ìbòmú ò ní kúrò lójú àwọn tó ń kí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wá ń fi ẹyinjú dá èèyàn mọ̀. "Ìwọ ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ìwọ lo kọjá lánàá!" Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọlọ́kadà tí kò ráyè sọ̀kalẹ̀ ń fun fèrè ọ̀kadà kí wọn. Màmá mi ń jẹ ewé kan tán. Nígbà tó yá wọ́n ń jẹ ewé kan àtààbọ̀, wọ́n sì ń ṣàròyé pé ẹyin inú ata kéré. Ìró wọn padà sí bó ṣe wà. Inú mi dùn débi pé mo kí onílé.

Ìgbà náà ni òjò pa mí. Ara mi gbóná, ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì di àárọ̀ ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tú èéfín, mi ò gbóòórùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti igi olówùú bọ imú mi, ó ní kí n máa retí èsì, kí n má súnmọ́ màmá. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni èsì dé pé ibà àti ọ̀fìnkìn lásán ni, ṣùgbọ́n nígbà yẹn a ò tíì mọ̀. Màmá wà nínú yàrá, èmi wà ní pálọ̀, fèrèsé wà ní ṣíṣí, ìbòmú wà lójú mi tọ̀sán-tòru. Èrò kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: èmi tí mo lé gbogbo ayé, èmi gan-an ni n ó gbé e wọlé fún wọn. Mi ò fi oúnjẹ kan ẹnu.

Lọ́jọ́ kejì àyẹ̀wò náà, màmá mi ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, pé bí mi ò bá tẹ̀lé wọn, àwọn ò lọ. Wọ́n wọ Márúwá, èmi ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò sọdá ọ̀nà lọ bá wọn. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí ẹnìkan tò sí òdìkejì ọ̀nà, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, mo ń wò wọ́n. Wọ́n gbé ewé ọ̀fàdà lé itan, wọn ò tú u. Wọ́n bá káfíńtà sọ̀rọ̀, wọ́n nàka sí mi. Ó gbé ewé kan sọdá, ó fi í sórí búlọ́ọ̀kù tó jìnnà sí mi dáadáa, ó padà.

Mo kígbe pé ebi ò pa mí.

Màmá mi dìde. Pẹ̀lú àyà yẹn, wọ́n lọgun sọdá ọ̀nà: "Irọ́ lo pa! Láti àná ni mo ti ń wò ọ́. Jẹun, kí n rí ọ. Bí o ò bá jẹ, èmi náà ò jẹ!"

Mo lọ mú ewé náà, mo padà sí àyè mi, mo fa ìbòmú wálẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní adùn, àfi bíi pé mò ń jẹ páálí. Ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá mi ń ka ṣíbí láti òdìkejì, mo rí bí ètè wọn ṣe ń mì. Nígbà tí mo gbé ewé sókè kí wọ́n lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n jókòó, wọ́n tú tiwọn.