Ayálégbé Tó Máa Ń Sọ Pé “Ófà”

Bí ayálégbé ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Ìkòsì bá ní kí ìyàwó rẹ̀ bu ẹ̀bà wá, “Ófà” ló máa fi parí rẹ̀, bí àwọn tó ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ ṣe ń sọ pé ó kan ẹnì kejì.

Lọ́dún tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, ó ri òpó irin mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó sì so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn tó ń gba ohùn tó ti fẹ́ẹ́ kú, tó ń tún un sọ kó lè dé ọ̀nà jíjìn. Bàbá onílé ní àrá ni òpó náà ń pè, kó hú u kúrò.

Kò bẹ̀bẹ̀. Ó gbé rédíò lé wọn lọ́wọ́.

“Bàbá, àbúrò yín wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ní irú rédíò yìí ní Gbàgádà. Ẹ tẹ bọ́tìnì yìí, kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Tí ẹ ò bá jù ú sílẹ̀, kò lè fèsì.”

Ó mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ wà láàárín Bàbá àti àbúrò wọn.

“Kò lè fèsì?”

Bàbá tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ àbúrò wọn láti kékeré. Nígbà tí ọwọ́ ro wọ́n, wọ́n jù ú sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n…”

Bàbá tún tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n nu òógùn, wọ́n bojú wo òkè.

“Ta ló ní kí o hú òpó yìí? Fi irin kún un!”